Bàbá Ibafo, Ọkọ̀ Òfurufú àti Fọ́ọ̀mù Àbúrò Mi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń gbé agbègbè wa, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti ṣàkíyèsí nǹkan kan. Bí ọkọ̀ òfurufú bá fẹ́ balẹ̀ sí Ìkẹjà láti apá àríwá, àárín Mowe àti Ifọ̀ ló máa ń gbà wọlé. Ẹni tó wà ní Mowe tàbí Ibafo á máa wò ó lápá ìwọ̀ oòrùn, ẹni tó wà ní Ifọ̀ á máa wò ó lápá ìlà oòrùn, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ kan náà ni. Lálẹ́, iná iwájú rẹ̀ á máa bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ìràwọ̀ tó fẹ́ wá kí wa nílé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò tiẹ̀ gbójú sókè mọ́. Ẹni tó ti wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Long Bridge láti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ojú ọ̀run wo ló fẹ́ wò?

Ilé tiwa yàtọ̀. Bàbá tó bí màmá mi, Bàbá Ibafo là ń pè wọ́n, ọdún 25 ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ Air Force. Wọn ò wa ọkọ̀ rí o, mẹkáníìkì ẹ́ńjìnnì ni wọ́n. 1972 ni wọ́n wọṣẹ́, 1997 ni wọ́n fẹ̀yìn tì, ipò Flight Sergeant ni wọ́n sì dé kí wọ́n tó kúrò. Àwọn ará àdúgbò kàn ń pè wọ́n ní Sájẹ́ǹtì ni, torí ìyẹn ló yá lẹ́nu. Bí ọkọ̀ bá ń kọjá, Bàbá ò ní wò ó. Wọ́n á dáwọ́ oúnjẹ dúró, wọ́n á gbé ọwọ́ lé àyà, wọ́n á ní, "Ẹlẹ́ńjìnnì méjì. Boeing." Tàbí kí wọ́n ní, "Èyí kì í ṣe tàwọn onísòwò. Hercules ni." Wọn kì í sábà ṣì í. Etí òsì wọn ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ láti bí ogún ọdún, tọ̀tún náà ti ń ṣe ségesège. Wọ́n ní àyà làwọn fi ń gbọ́ ọkọ̀, etí ò ní nǹkan kan án ṣe níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gan-an, orí bébà kan ló ti bẹ̀rẹ̀.

Àbúrò mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ogún ọdún. Ó ṣe JAMB lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló sọ fún gbogbo wa pé òun ò ṣe mọ́, Air Force lòun ń lọ. Ó kọ orúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì (ọ̀fẹ́ ni o, ẹ má jẹ́ kí gbájú-ẹ̀ kankan gbowó lọ́wọ́ yín), ó sì lọ tẹ àwọn ìwé tó yẹ kó tẹ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ọjà Mowe. Ọ̀kan nínú àwọn ìwé náà ni fọ́ọ̀mù tí òbí tàbí alágbàtọ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí pé òun yọ̀ǹda ọmọ òun. Bàbá wa ti di olóògbé láti 2016, nítorí náà ọwọ́ Màmá nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kù sí. Àbúrò mi gbé fọ́ọ̀mù náà síwájú wọn lálẹ́ ọjọ́ kan. Màmá kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n ká a sí méjì, wọ́n fi í sábẹ́ Bíbélì wọn, wọ́n sì dìde lọ gbé ẹ̀wà kaná.

"Màmá, ẹ ò tíì fọwọ́ sí i."

"N ò ní fọwọ́ sí i."

Ó parí.

Ẹni tí ò mọ Màmá á rò pé ogun ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ náà, gbogbo wa la mọ ohun tójú àwọn ológun ń rí ní Borno láti 2009. Ṣùgbọ́n Màmá kì í ṣe ẹni tó ń wo iṣẹ́ náà láti ìta. Ọmọ bárékè ni wọ́n. Inú bárékè Air Force tó wà ní Ìkẹjà, lọ́nà Ṣógunlé, ni wọ́n bí wọn sí ní 1980. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rìn, ibẹ̀ ni eyín wọn ti ká.

Kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bí Bàbá ṣe dé inú iṣẹ́ náà, torí mo ti rí i pé àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa yìí rò pé láti ọjọ́ tí Nàìjíríà ti wà ni Air Force ti wà. Rárá o. Oṣù kẹrin 1964 ni òfin gbé e kalẹ̀. Àwọn ará Jámánì Ìwọ̀ Oòrùn ló wá kọ́ wa, Kàdúná ni wọ́n sì ti ń kọ́ wa. Ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ pàápàá, Gerhard Kahtz, ará Jámánì ni. Àwọn ọkọ̀ kéékèèké bíi Dornier àti Piaggio ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ogun abẹ́lé wá bẹ́ sílẹ̀ ní 1967, àwọn ará Jámánì kó ẹrù wọn, ìjọba sì yíjú sí ìlà oòrùn Yúróòpù. MiG-17 dé láti Rọ́ṣíà, L-29 dé láti Czechoslovakia. Shittu Àlàó, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà Air Force lásìkò ogun náà, inú L-29 ló kú sí nítòsí Uzebba ní oṣù kẹwàá 1969. Oṣù mẹ́ta péré ló kù kógun parí.

Nígbà tógun parí ní oṣù kìíní 1970, Bàbá ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì mọ́tò ní Ifọ̀. Ọmọ Ọwódé ni wọ́n, ṣùgbọ́n Ifọ̀ lọ̀gá wọn wà, Ifọ̀ náà ni wọ́n ti rí Màmá àgbà, tó ń bá ìyá rẹ̀ ta gàrí nítòsí ibùdókọ̀ rélùwéè. Lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n gbọ́ pé Air Force ń gba èèyàn. Bàbá ní ọ̀gá wọn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ tó ò tíì mọ Morris í tú, o fẹ́ lọ tú ọkọ̀ òfurufú?" Bàbá wọ rélùwéè ní Ifọ̀ lọ sí Kàdúná pẹ̀lú àpótí pákó kan. Ẹ bá mi wo bí rélùwéè ṣe rọrùn tó nígbà yẹn: èèyàn á wọ̀ ọ́ ní Ifọ̀, yóò kọjá Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Ìlọrin àti Jẹ́bà, yóò sì bọ́ sílẹ̀ ní Kàdúná.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ wọn níbẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì. Òkúta ṣíṣà ni. Wọ́n á tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láàárọ̀ kùtù, wọ́n á máa rìn lórí ibi tí ọkọ̀ ń gbà, wọ́n á máa ṣa òkúta wẹ́wẹ́, ìṣó, bébà, ohunkóhun tí ẹ́ńjìnnì lè fà mì. Bàbá ní àwọn kan nínú wọn rò pé ìyà lásán ni. Ọ̀gá wọn wá mú abẹ́ ẹ́ńjìnnì kan tó ti kán wá, ó ní kí wọ́n fọwọ́ kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan. "Òkúta tí ò tó ẹyin àparò ló ṣe èyí." Láti ìgbà náà, Bàbá ò lè rí ìṣó nílẹ̀ kí wọ́n má mú un. Agolo mílíìkì kan wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn wọn ní Ibafo, ìṣó tí wọ́n ṣà lójú ọ̀nà ló kún inú rẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà àdúgbò ò mọ oore tí wọ́n ń ṣe wọ́n.

Láti Kàdúná ni wọ́n ti gbé wọn wá sí Ìkẹjà. Pápá ọkọ̀ òfurufú tó wà níbẹ̀ ti wà láti ìgbà ogun àgbáyé kejì. Lẹ́yìn ogun náà, ní 1947, West African Airways fi ibẹ̀ ṣe ibùdó, ilé ńlá tá a wá ń pè ní Murtala Muhammed ò sì ṣí àfi 1979. Àwọn onísòwò àti ológun jọ ń lo pápá kan náà ni, odi ló là wọ́n láàárín.

Ní bí àárín ọdún 1970 sí 1980 ni Hercules dé, C-130, láti Amẹ́ríkà. Bí Bàbá bá ń sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ yìí, ẹ ó rò pé ìyàwó àfẹ́sọ́nà ni. Ẹ́ńjìnnì mẹ́rin, ìkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ tirẹ̀. Ìdí rẹ̀ ló ń ṣí sílẹ̀ bí ẹnu ọ̀nì, mọ́tò ológun á wakọ̀ wọ inú rẹ̀ lọ tààrà. Kò bìkítà fún ọ̀nà tí wọ́n da ọ̀dà sí, ó lè balẹ̀ sórí yẹ̀pẹ̀ lásán. Nígbà tí ECOMOG lọ sí Liberia ní 1990, òun ló ń kó sọ́jà, tó ń kó ìrẹsì, tó sì ń kó àwọn tó fara gbọgbẹ́ padà. Bàbá ní àwọn ọdún yẹn, àwọn mọ ojú ẹ́ńjìnnì ju ojú ọmọ àwọn lọ. Màmá máa ń dáhùn lábẹ́lẹ̀ pé, "Òótọ́ ni."

Màmá ti sọ̀rọ̀ bárékè fún wa débi pé èmi tí n ò gbébẹ̀ rí mọ ibi tí ẹ̀rọ omi wà. Yàrá kan àti pálọ̀, ẹni méje. Ará Ìdọmà ló wà lọ́wọ́ òsì, ará Bìní lọ́wọ́ ọ̀tún, ará Borno lókè. Kí Màmá tó mọ Yorùbá í sọ dáadáa ni wọ́n ti ń fi Haúsá bú àwọn ẹgbẹ́ wọn, títí dòní, bí inú bá bí wọn sí awakọ̀ bọ́ọ̀sì, Haúsá ló máa kọ́kọ́ jáde. Àárọ̀, fèrè. Ìrọ̀lẹ́, fèrè tí wọ́n fi ń sọ àsíá kalẹ̀, ibikíbi tí èèyàn bá wà, kó dúró gbọnin. Ìgbà kan wà tí Màmá gbé garawa omi rù, tí garawa náà ń jò, tí fèrè àsíá sì dún. Omi ń ṣàn wọ̀ wọ́n lọ́rùn, wọn ò gbọdọ̀ mira. Sọ́jà kan tóun náà dúró gbọnin níwájú wọn ń fi ojú rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yìn bárékè ni mámì máàkẹ́ẹ̀tì wà, níbi tí Màmá àgbà ti ń ta ìrẹsì Ọ̀fadà pẹ̀lú ọbẹ̀ ata tútù. Ìrẹsì náà láti apá ọ̀dọ̀ wa níbí ni, Ọ̀fadà ò sáà jìnnà sí Mowe. Gàrí wọn, Ifọ̀ ni. Wọ́n á wọ rélùwéè ní Òṣòdì, òun náà á gba iwájú bárékè kọjá ní Agege Motor Road, bó bá jẹ́ ìgbà ọlidé Màmá á tẹ̀ lé wọn, wọ́n á sì máa wo ilé tiwọn láti ojú fèrèsé. Màmá ní ìyẹn nìkan ni ìgbà tí bárékè máa ń kéré lójú àwọn.

Ariwo ńkọ́? Lóru ni wọ́n sábà máa ń dán ẹ́ńjìnnì wò. Gíláàsì fèrèsé á máa gbọ̀n rìrì, àwo á máa rìn lórí pẹpẹ. Ní iléèwé, bí ọkọ̀ bá ń gbéra, tíṣà á gbé ṣọ́ọ̀kì sókè, á dúró, gbogbo kíláàsì á dúró, bó bá ti kọjá, á bẹ̀rẹ̀ láti ààrin gbólóhùn tó wà tẹ́lẹ̀. Ọmọ jòjòló ń sùn nínú gbogbo ariwo yẹn. Ìgbà tí pápá bá dákẹ́ lọ́jọ́ méjì léraléra ni wọ́n máa ń jí sunkún.

Bàbá ò sọ̀rọ̀ púpọ̀ nílé. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n máa ń tẹnu mọ́ fáwọn ọmọ wọn ni ti ìwé ọkọ̀. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwé tirẹ̀. Ohunkóhun tí mẹkáníìkì bá ṣe lára rẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀, kó fọwọ́ sí i. Awakọ̀ á ka ìwé náà, òun náà á fọwọ́ sí i, kó tó gòkè. Bàbá ní bí o bá ti fọwọ́ sí i, ìwọ náà ti bá ọkọ̀ yẹn gòkè nìyẹn, bó o tilẹ̀ wà nílé tó ò ń jẹ èbà.

Mo ti dé ibi tí n ò fẹ́ dé.

Ọjọ́ Sátidé ni, 26 oṣù kẹsàn-án 1992. Màmá jẹ́ ọmọ ọdún 12, wọ́n ń gé ilá lẹ́nu ọ̀nà. Hercules kan gbéra ní Ìkẹjà lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọ̀gá ológun tó ń kàwé ní iléèwé àwọn ọ̀gá ológun ní Jàjí ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ méjọ̀. Màmá ní àwọn gbọ́ ọ bó ṣe ń gbéra, kò sì yàtọ̀ sí tàtẹ̀yìnwá létí àwọn. Ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn náà, ó já sínú àbàtà ní Èjìgbò. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ lé ní 150. Kò sẹ́ni tó yè.

Bàbá ti jáde láti àárọ̀. Mẹkáníìkì sì máa ń bá ọkọ̀ rìnrìn àjò nígbà mìíràn, torí bó bá bàjẹ́ lọ́hùn-ún. Kò sí fóònù alágbèéká. Ọkọ̀ ológun ń jáde ní géètì níkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iná, kò sẹ́ni tó dúró dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Àwọn obìnrin tẹ́ ẹní síta, wọ́n jókòó. Màmá àgbà ò sunkún. Ìkòkò kan ni wọ́n ń fọ̀. Wọ́n á fọ̀ ọ́ tán, wọ́n á da omi nù, wọ́n á tún bu omi mìíràn. Títí ilẹ̀ fi mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sunday, Bàbá wọlé. Ẹrẹ̀ dé itan wọn, bàtà kan ṣoṣo ló wà lẹ́sẹ̀ wọn. Wọn ò kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n wẹ̀, wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n kọjú sí ògiri. Èjìgbò ni wọ́n ti ń bọ̀, gbogbo bárékè mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò fẹnu ara wọn sọ ọ́. Àwọn obìnrin kan tó bá Màmá àgbà jókòó lórí ẹní lóru yẹn ò rí tiwọn kó wọlé. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó bi Bàbá ní nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Bàbá ti fẹ̀yìn tì fún ọdún mẹ́jọ, wọ́n ti kọ́ ilé sí Ibafo, wọ́n ń sin adìyẹ, nígbà tí ọkọ̀ Bellview tó ń lọ sí Àbújá já lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, 22 oṣù kẹwàá 2005. Ẹni 117 ló wà nínú rẹ̀. Ìròyìn kọ́kọ́ sọ pé Kíṣí ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló já sí. Irọ́ ni. Lísà ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifọ̀ níbí. Nígbà tí Bàbá gbọ́, wọ́n mú bàtà ológun wọn àtijọ́ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n wọ bọ́ọ̀sì ní Ibafo lọ sí Berger, wọ́n gba Sango lọ. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni wọ́n tó padà. Màmá àgbà bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n lọ ṣe níbi tí ọlọ́pàá ò ti ní jẹ́ kí èèyàn súnmọ́ tòsí. Wọ́n ní, "Wọ́n lè nílò ẹni tó ti wọ ẹrẹ̀ rí." Nígbà tí ti Dana ṣẹlẹ̀ ní Ìjù-Ìṣàgá ní oṣù kẹfà 2012, Màmá àgbà ò dúró gbọ́ àlàyé. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ sínú kọ́ọ̀mù.

Ẹ ti wá rí ìdí tí fọ́ọ̀mù náà fi lọ sábẹ́ Bíbélì.

Àbúrò mi ò gbà. Ó yọ fọ́ọ̀mù náà lọ́jọ́ Sátidé kan tí Màmá lọ sí òde, ó ní ká lọ sọ́dọ̀ Bàbá Ibafo. Wọ́n kọ "òbí tàbí alágbàtọ́" síbẹ̀, àbí wọn ò kọ ọ́? Mo bá a lọ, nítorí mo fẹ́ mọ ohun tí Bàbá máa sọ. Wọ́n jókòó síta lórí bẹ́ńṣì. A dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀, àbúrò mi lọ sí apá ọ̀tún wọn, ó pariwo sí etí wọn, ó ṣàlàyé. Bàbá lọ mú gíláàsì ojú wọn wá, wọ́n ka fọ́ọ̀mù náà pẹ́ títí, wọ́n tún yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá nǹkan kan wà níbẹ̀.

"Ìyá rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n ní àwọn ò fọwọ́ sí i, sà."

"Ṣé ó ti kú ni?"

"Rárá, sà."

"Kí ló wá gbé e dé ọ̀dọ̀ mi?"

Wọ́n ní kí n pe Màmá lórí fóònù. Màmá dé nírọ̀lẹ́, kẹ̀kẹ́ Márúwá ló gbé wọn dé ẹnu ọ̀nà, ojú wọn le. Wọ́n kúnlẹ̀ kí bàbá wọn, wọn ò wo àbúrò mi rárá. Màmá àgbà náà jáde, wọ́n fi ẹ̀yìn ti férémù ilẹ̀kùn. Mo rò pé ìbínú ni Bàbá máa fi bẹ̀rẹ̀. Àfi bí wọ́n ṣe ń sọ ti 1992, bí ẹni ń sọ ti àná. Ẹni tí ò bá gbọ́ràn dáadáa máa ń pariwo sọ̀rọ̀, nítorí náà gbogbo òpópónà ló gbọ́ ohun tí ilé wa ò gbọ́ fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún.

"Mo wà ní hángà lọ́jọ́ yẹn. Ọkọ̀ mìíràn ni mò ń tú. Kì í ṣe èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé ọkọ̀ tó já. Mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi. Síbẹ̀, fún bí ọdún kan, bí mo bá jí láàárọ̀, n ó kọ́kọ́ ka gbogbo iṣẹ́ tí mo ṣe lọ́sẹ̀ yẹn lọ́kàn, nọ́ọ̀tì kan tẹ̀ lé òmíràn, kí n tó lè dìde. Wọ́n bèèrè ẹni tó fẹ́ lọ sí Èjìgbò. Mo ní èmi ń lọ. N ò lè wá sílé wá jẹun kí n má lọ."

Màmá ní, "Ilá la sè."

Bàbá ò gbọ́. Màmá súnmọ́ wọn, wọ́n tún un sọ sí etí ọ̀tún. "Ilá la sè lọ́jọ́ yẹn, Bàbá. A dà á nù ni."

Bàbá mi orí. Wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀, wọ́n ń fi àtàńpàkò nu gíláàsì wọn.

Àbúrò mi, ẹni tí ò mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́, wá béèrè bóyá Bàbá á tún ṣiṣẹ́ náà bí wọ́n bá tún ayé wá. Bàbá ní iṣẹ́ náà dára. Wọ́n ní kò sí ọjọ́ tí àwọn gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì tí àwọn dè ń dún bó ṣe yẹ tí inú àwọn ò dùn. Ṣùgbọ́n kó máa bẹ̀rù rẹ̀. Mẹkáníìkì tí ẹ̀rù ò bá bà, ẹ má wọ ọkọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n na fọ́ọ̀mù náà sí Màmá, wọn ò nà án sí àbúrò mi.

"Èmi ò ní fọwọ́ sí ohun tí n kò tún ṣe. Ìwọ lo bí i, ìwọ lo tọ́ ọ. Ìwọ lo mọ ibi tí nọ́ọ̀tì ti le àti ibi tó ti dẹ̀. Bó o bá rí i pé ó tó gòkè, fọwọ́ sí i. Bí kò bá tó, kó jókòó sílé."

Kí n sọ òótọ́ ọkàn mi, inú mi ò dùn sí Bàbá lọ́jọ́ náà. Àbúrò mi ní ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni wọ́n sọ. Bóyá. Lójú mi, ẹni tí ẹrù náà wúwo lọ́rùn rẹ̀ jù ni wọ́n tún gbé e padà fún. Ọmọ ọdún 12 tó jókòó sórí ẹní lóru mọ́jú ni wọ́n ní kó wá fọwọ́ sí i pé kí ọmọ òun lọ. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Màmá nínú kẹ̀kẹ́ bá a ṣe ń padà lọ sí Mowe. Màmá ní, "O ò mọ bàbá mi." Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin ni fọ́ọ̀mù náà fi wà nínú báàgì wọn. Lóru ọjọ́ kejì, wọ́n wá sí yàrá mi, wọ́n jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní kí n bá àwọn wo nǹkan lórí fóònù mi. Mo rò pé iye tí wọ́n ń san ni, tàbí ibi tí wọ́n ń gbé wọn lọ. Kì í ṣe ìyẹn. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ń fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ́ńjìnnì ní ohun tí wọ́n fi ń bo etí láyé ìsinsìnyí. Mo wá a, mo fi fọ́tò àwọn mẹkáníìkì ológun hàn wọ́n, ará tiwa àti ti òkè òkun, pẹ̀lú nǹkan ńlá bí abọ́ méjì létí wọn. Màmá gba fóònù náà lọ́wọ́ mi. Wọ́n fi ìka méjì mú kí fọ́tò náà tóbi sí i, kí wọ́n lè rí i bóyá ó bo etí náà tán.

Lọ́jọ́ Wednesday ni wọ́n fọwọ́ sí i. Kì í ṣe nílé, kì í sì ṣe lójú ẹnikẹ́ni nínú wa. Lórí Long Bridge ni, nínú bọ́ọ̀sì, bí wọ́n ṣe ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, orí báàgì tó wà lórí orúnkún wọn ni wọ́n gbé e lé. Wọ́n ní ọkọ̀ ò rìn fún wákàtí kan, gbàrà tí àwọn sì gbé báírò lé e báyìí ni awakọ̀ já a, tó wọ kòtò. Ìlà náà gba ibi tí kò yẹ kó gbà lọ sókè, ó dà bí alángbá tó ń gun ògiri.

Àbúrò mi wò ó títí. "Màmá, ṣé wọ́n á gba eléyìí báyìí?"

"Wọ́n á gbà á. Sọ fún wọn pé bọ́ọ̀sì ló wọ kòtò."

Wọ́n gbà á. Ó ti lọ ṣe ìdánwò náà. Ó ní ó rọrùn, àfi ìṣirò. Orúkọ ò tíì jáde.